Ọ̀nà Tó Ti Ọ̀tà Dé Canterbury

Ẹni tó bá ti Sango wọ ọ̀nà Ìdírókò yóò la Ọ̀tà kọjá kó tó kan Ìjù. Agbègbè iṣẹ́ ni gbogbo ibẹ̀: ilé iṣẹ́ lọ́tùn-ún, ilé iṣẹ́ lósì, ọkọ̀ akẹ́rù lójú títì. Ìjù yìí kan náà ni Faith Tabernacle tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1999 wà, ibẹ̀ náà sì ni Covenant University tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 fìdí kalẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ládùúgbò yìí ló ti ní ọmọ ní ìlú Ọba báyìí, yálà èyí tó lọ kàwé tàbí èyí tó lọ ṣiṣẹ́. Nígbà tí bàbá tàbí ìyá bá wá lọ bá ọmọ ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kì í ṣe ayẹyẹ yẹn nìkan ni wọ́n ń bá lọ. Wọn yóò wọ bọ́ọ̀sì tàbí rélùwéè lọ wo àwọn ìlú àtijọ́: odi ìlú York, omi gbígbóná ìlú Bath, ilé olódi tó wà lórí àpáta ní Edinburgh, ààfin Windsor, kàtídírà Canterbury. Wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò gbọ́ àlàyé ẹni tó ń mú wọn káàkiri, wọn yóò sì padà wálé pẹ̀lú èrò pé ìtàn àwọn òyìnbó ni àwọn lọ wò. Èrò yẹn ni mo fẹ́ takò. Ohun tí ẹ̀rí fi hàn ni pé ìtàn Ọ̀tà, ti Ẹ̀gbá, ti Yewa àti ti Èkó wà nínú àwọn ìlú wọ̀nyí, àti pé ẹni tó ti Ìjù lọ síbẹ̀, tó wo wọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn, ìdajì ohun tó sanwó fún ló rí.

Kí á kọ́kọ́ mọ̀ pé ìrìn-àjò àfẹ́ gẹ́gẹ́ bí òwò kò tíì pẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Olówó nìkan ló ń rìn kiri fún ìgbádùn tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje 1841, ọkùnrin onísìn Onítẹ̀bọmi kan tó kórìíra ọtí, Thomas Cook, kó èèyàn bíi 500 wọ rélùwéè láti Leicester lọ sí Loughborough, ṣílè kan lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, láti lọ ṣe ìpàdé àwọn tó kọ ọtí mímu. Láti inú ìyẹn ni òwò náà ti dàgbà. Nígbà tó fi máa di 1851, tí wọ́n ṣí Àfihàn Ńlá sí Hyde Park ní London, èèyàn tí Cook kó lọ wò ó tó nǹkan bí 150,000. Ọkọ̀ ojú irin ló jẹ́ kí òṣìṣẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ lè lọ wo ìlú onílùú kí wọ́n sì padà sùn sílé. Ẹ wá wo Ọ̀tà láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ní 1842, ọdún kan péré lẹ́yìn ìrìn-àjò Loughborough, àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní nǹkan bí 1830 ṣẹ́gun Ọ̀tà, nítorí pé Ọ̀tà ló wà lójú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà dé etí òkun. Wọ́n tún dó ti Adó-Odò, ogun náà kò sì tán títí di 1853. Ọba Gezo ti Dahomey dá sí i ní 1844, Ẹ̀gbá lé e padà. Ní 1848 ogun Dahomey pa Òkè-Ọ̀dàn run. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, Dahomey dojú kọ Abẹ́òkúta fúnra rẹ̀, wọn kò sì rí i kó. Nígbà tí àwọn ará Leicester ń ra tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ ṣeré, ẹni tó bá jáde nílé ní ìhà tiwa lè má padà mọ́ láéláé. Síbẹ̀, ìgbà náà gan-an ni àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀ràn ló gbé wọn lọ, kì í ṣe àfẹ́.

Samuel Àjàyí Crowther ni ẹ̀rí mi àkọ́kọ́. Ọmọ Òṣoògùn ni, wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní ọdún kejì, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní 1851, ọdún Àfihàn Ńlá yẹn gan-an, Crowther wà ní London. Ó bá Palmerston, mínísítà tó ń rí sí ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, sọ̀rọ̀ nípa Abẹ́òkúta, Dahomey àti òwò ẹrú ní Èkó. Nínú oṣù Kọkànlá, wọ́n mú un dé ààfin Windsor. Ọmọọba Albert tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń béèrè ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà àti irú òwò tó ń lọ níbẹ̀, Ọbabìnrin Victoria sì wá jókòó tì wọ́n. Crowther ka Àdúrà Olúwa fún wọn ní Yorùbá, ọbabìnrin náà sì sọ pé èdè náà dùn létí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́ tó jẹ́ ọba níbẹ̀, wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1861, Èkó di tiwọn pátápátá. N kò sọ pé ìbẹ̀wò Windsor ló fa ìbọn yẹn. Àwọn oníṣòwò, àwọn míṣọ́nnárì àti Beecroft tó jẹ́ kọ́ńsọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ti ń ti ìjọba láti ẹ̀yìn tipẹ́, owó ọjà sì ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀sìn lọ. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè ka ìbẹ̀wò náà sí àlejò lásán. Ohun tí ọmọ Yorùbá kan sọ nínú yàrá kan ní Windsor wà lára ohun tí ìjọba gbé yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń pinnu ohun tí wọn yóò ṣe sí ilẹ̀ wa. Àwọn tó ń rọ́ lọ sí Windsor lónìí ń rí àwo wúrà, ihámọ́ra àti àwòrán ọba. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tó wà láàárín wọn mọ̀ pé wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ bàbá òun níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, Crowther yìí kan náà di bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà Canterbury, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà yà sí ipò náà. Tí àlejò bá wọ Canterbury, ibi tí wọ́n ti pa Thomas Becket ní 1170 ni wọn yóò kọ́kọ́ fi hàn án, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìtàn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìtàn Crowther níbẹ̀ kò kéré, kò sì parí sí ọjọ́ ayọ̀ yẹn. Nígbà tó darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú odò Ọya, wọ́n fi àbùkù kan àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì kú ní 1891 pẹ̀lú ìbànújẹ́. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2014, nígbà tí ìyàsímímọ́ náà pé 150 ọdún, Justin Welby tó jẹ́ olórí bíṣọ́ọ̀bù Canterbury nígbà náà tọrọ àforíjì ní gbangba nínú kàtídírà yẹn fún ohun tí ìjọ ṣe sí i. Ìjọ tó ní ilé ti gbà pé ọ̀rọ̀ wa wà nínú ilé náà. Kí ló dé tí àwa yóò fi wọ inú rẹ̀ bí àjèjì?

Ẹ̀rí tó sún mọ́ Ìjù jù lọ, epo ló gbé e dé. Lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn lu Èkó, ọ̀nà Ọ̀tà ṣí fún míṣọ́nnárì àti fún ọjà pọ̀. James White, ọmọ Yorùbá tó ti Sàró wá, dé Ọ̀tà fún iṣẹ́ ìjọ ní 1854, ó sì lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀ láàárín àwọn Àwórì. Èyí tí àwọn oníṣòwò ń wá ni epo pupa àti èkùrọ́ tí wọ́n ń rù gba àwọn ọ̀nà wọ̀nyí dé Èkó. Liverpool ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ ń bá lọ. Ìlú yìí ti fi ọkọ̀ ẹrú lówó kí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ka òwò ẹrú léèwọ̀ ní 1807, ó sì mọ ọ̀nà etí òkun wa dáadáa, nítorí náà kò ṣòro fún àwọn oníṣòwò rẹ̀ láti yí padà sí epo. Epo pupa di ọṣẹ, ó di àbẹ́là, ó sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ ọkọ̀ rélùwéè kó lè yí geere. Ẹ ro ìyẹn dáadáa: rélùwéè tó kó àwọn arìnrìn-àjò Gẹ̀ẹ́sì lọ wo ìlú àtijọ́ wọn ń fi epo tó ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ yí. A máa ń sọ pé òyìnbó ló mú rélùwéè wá fún wa ní 1896, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìddó gba ìhà Ọ̀tà lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rélùwéè ilé tiwọn ti ń jẹ epo ọ̀pẹ tipẹ́ kí irin kankan tó kan Ọ̀tà.

Lódìkejì odò tó wà níwájú Liverpool ni abúlé kan wà tí àwọn arìnrìn-àjò fẹ́ràn gan-an, Port Sunlight. William Lever, ẹni tó ń se ọṣẹ Sunlight, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1888 fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé náà rẹwà, ọgbà òdòdó wà níbẹ̀, ilé àwòrán tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pè sì ṣí ní 1922. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé olówó onínúure kan ló ṣe èyí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí a gbọ́dọ̀ fi kún un ni ibi tí èlò ọṣẹ ti wá. Lever ń wá epo kiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, débi pé ó ra Niger Company ní 1920, ó sì dá ilé iṣẹ́ ọṣẹ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1923. Ní 1929 ilé iṣẹ́ rẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ti àwọn ará Netherlands, wọ́n di Unilever. Unilever yìí ló wá ní ilé iṣẹ́ ní Agbára, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà tí Ìjù wà. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iṣẹ́ òru ní Agbára àti ilé ẹlẹ́wà tí àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀ ní Port Sunlight, ìdílé kan náà ni wọ́n nínú ìtàn òwò. Àwọn tó ru epo láti oko kò gbé inú ilé bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ọmọ wọn ní Sango àti Ìjù sì mọ irú ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé níbí àti irú ojú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Tí ìrìn-àjò sí Port Sunlight bá mú kí ẹnì kan láti Ọ̀tà béèrè ìdí tí olówó ilé iṣẹ́ fi lè kọ́ irú abúlé yẹn fún òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ní 1888, tí kò sì sí irú rẹ̀ níbí, ìrìn-àjò náà ti wúlò ju fọ́tò lọ.

Òkè-Ọ̀dàn, tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, kò jìnnà sí ọ̀nà Ìdírókò. Nígbà tí Dahomey pa á run ní 1848, wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan lọ síbi tí wọ́n ti ń pa èèyàn fún ètùtù. Ní 1850, Ọba Gezo fi ọmọ náà ta Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, lọ́rẹ fún ọbabìnrin. Forbes sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Windsor ló mú un lọ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ọdún kan gééré ṣáájú Crowther. Victoria gbà láti máa tọ́jú rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1862, ó fẹ́ James Davies, oníṣòwò Èkó tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, wọ́n sì padà sí Èkó. Ọkọ rẹ̀ yìí wà lára àwọn tó fi owó ṣe ìrànwọ́ fún ìdásílẹ̀ CMS Grammar School ní 1859. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Sarah ní Madeira ní 1880, Davies sì gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún un ní Ìjọn, níbi tó dá oko kòkó sí, ibi tí kò jìnnà sí Ọ̀tà. Ẹ̀gbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀gbẹ̀rún àlejò ló ń lọ sí Brighton lọ́dọọdún nítorí òkun àti ààfin aláràbarà tí George Kẹrin kọ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ Yewa àti Àwórì tó ń lọ ló ń yà sí St Nicholas?

Àwọn yòókù pọ̀, n óò kàn dárúkọ díẹ̀. Aláké Gbádébọ̀ Kìíní lọ sí ìlú Ọba ní 1904, Ọba Edward Keje gbà á lálejò, wọ́n sì mú un rìn títí dé Scotland. Ẹ̀gbá ṣì ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe nígbà náà lábẹ́ àdéhùn 1893, òmìnira yẹn sì parí ní 1914. Ẹni tó bá mọ èyí yóò rí i pé wọn kò mú ọba yíká àwọn ìlú wọn nítorí àfẹ́ nìkan. Wọ́n fẹ́ kó rí agbára tí yóò máa bá dúnàá dúrà. Àwa náà mọ bí a ṣe ń lo irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ní 1920, Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa àti Herbert Macaulay gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá lọ sí London, wọ́n gbé ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀, ọba Èkó, dání, ìgbìmọ̀ Privy Council sì dá Olúwa láre ní 1921. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ ní London ní 1925. London náà ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Ìgbà mélòó la ti sọ pé ìlú àwọn ẹlòmíì ni London?

Ẹnì kan lè dáhùn pé ìsinmi ni ìrìn-àjò àfẹ́ wà fún. Ẹni tó fi ọdún gbogbo ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tó sì tọ́jú owó, ṣé ó yẹ kí á tún di ẹrù ìtàn ẹrú àti ìjọba òyìnbó lé e lórí? Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún ní Brighton. Ṣùgbọ́n ìsinmi àti ìmọ̀ kì í bára jà. Thomas Cook fúnra rẹ̀ kò ta ìsinmi lásán; ìpàdé àwọn tó kọ ọtí mímu ló fi bẹ̀rẹ̀, ó gbà pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá rí yóò tún ọkàn rẹ̀ ṣe. Ayọ̀ ẹni tó mọ̀ pé èèyàn òun dúró níbi tí òun dúró sí jinlẹ̀ ju ti ẹni tó kàn ń ka òkúta lọ.

Àtakò kejì le ju èyí lọ. Wọ́n lè sọ pé mo ń fi agídí ti ara wa bọ inú ìtàn onítàn, pé èèyàn wa díẹ̀ tó gba Windsor tàbí Canterbury kọjá kò tó nǹkan nínú ẹgbẹ̀rún ọdún. Ẹ jẹ́ ká lo York tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn fi ń yangàn. Septimius Severus, olú-ọba Róòmù tó kú síbẹ̀ ní 211, ọmọ Leptis Magna ni, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Líbíyà lónìí. Ní 1901 wọ́n hú òkú obìnrin ọlọ́lá kan jáde ní York, tí wọ́n sin pẹ̀lú ẹ̀gbà eyín erin. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ egungun rẹ̀ wò, wọ́n kéde ní 2010 pé ó jọ pé ó ní ìran Àríwá Áfíríkà. Ìwọ̀nyí kì í ṣe Yorùbá, n kò sì ní sọ pé ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ohun tí mo ń fà yọ ni pé ìlú àtijọ́ kì í ṣe ti ẹ̀yà kan rí, kódà ní York. Nígbà tí àwọn ará Bristol wó ère Edward Colston, olówó ẹrú, tí wọ́n sì jù ú sínú omi ní oṣù Kẹfà 2020, ọmọ ìlú náà ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti ń tún ìtàn ìlú wọn sọ láìdúró dè wá.

Àwọn kan yóò tún sọ pé kí ló wà nínú ìtẹ̀lé ẹsẹ̀ Crowther, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá àwọn tó gba Èkó ṣọ̀kan? N kò ní sá fún èyí. Crowther gbàgbọ́ pé agbára Gẹ̀ẹ́sì yóò pa òwò ẹrú, ó sì tọ̀nà dé ibì kan. Kò rí i tẹ́lẹ̀ pé agbára kan náà yóò gba ìlú lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, yóò sì padà wá bá òun fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìmọ̀, kí á má lọ fún ìyìn nìkan. Ohun wa kan tiẹ̀ sọnù níbẹ̀. Samuel Johnson fi ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ ránṣẹ́ sí atẹ̀wétà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ikú rẹ̀ ní 1901, ìwé náà sì sọnù. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, dókítà tó kàwé ní Edinburgh, ló fi àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, tó sì jáde ní 1921. Ìwé tí gbogbo wa fi ń ka ìtàn ara wa, ẹ̀ẹ̀kejì ni.

Àtakò tó kẹ́yìn ni pé ilé là á kọ́kọ́ wò ká tó wo ìta, mo sì gbà á tọkàntọkàn. Ọ̀tà kì í ṣe ìlú ilé iṣẹ́ nìkan. Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni, àṣà tí UNESCO ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun iyebíye fún aráyé ní 2001, tí Nàìjíríà, Benin àti Togo jọ ni ín. Agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà nínú British Museum ní London tí àlejò ń wò. Adó-Odò wà nítòsí, Badagry náà kò jìnnà. Nítorí náà ẹ̀bẹ̀ mi lọ sọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí ní Ìjù, Sango àti Àtàn: kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Òkè-Ọ̀dàn, Ìjọn àti Badagry kí wọ́n tó dàgbà tó ẹni tó ń wá físà. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà kọ ìtàn ogun 1842, ti James White àti ti epo sínú ìwé tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè kà ní Yorùbá. Ẹni tó bá sì ń múra àtilọ báyìí, kó fi Canterbury, Brighton àti Liverpool sínú ètò rẹ̀, kó béèrè ibi tí wọ́n ti ya Crowther sí mímọ́ àti ibi tí wọ́n ti so Sarah pọ̀ mọ́ Davies. Bí ẹni tó ń mú un káàkiri kò bá mọ̀ ọ́n, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà nínú bọ́ọ̀sì.